Báàtì Tí Mo Gbé Lọ sí Ìbà

Tí bọ́ọ̀lù bá bá àárín báàtì pàdé dáadáa, ọwọ́ kì í mọ̀ ọ́n lára. Etí nìkan ló ń mọ̀. Ohùn kan á dún, á rọ̀, á sì jinlẹ̀, bíi pé gbogbo pápá dákẹ́ láti gbọ́ ọ. Ní gbogbo ọdún tí mo fi gbá kíríkẹ́ẹ̀tì jẹun, ohùn yẹn ni mo ń lé kiri. Mo ṣì ń gbọ́ ọ ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Okokomáìkò, tí mo bá jókòó sáàárín èérún pákó, tí oorun ọ̀sán ń kùn mí.

Nígbà tí orúnkún mi ò gba eré mọ́, mo ní báàtì ni n ó máa fi igi ilẹ̀ wa ṣe. Kóòṣì tó kọ́ mi láti kékeré fi mí rẹ́rìn-ín.

“Igi ilẹ̀ wa kẹ̀? Lọ wá nǹkan míì ṣe jàre.”

Ó dùn mí wọra. Àmọ́ alágídí ni mí, mo ra pákó afàrà. Èyí tí mo kọ́kọ́ ṣe, inú oòrùn ni mo sá a sí. Kó tó dọ̀la, ó ti là. Ìgbà yẹn ni mo rántí bí bàbá mi ṣe máa ń fi ẹ̀rúkọ́ sókè àjà, kí èéfín ìdáná máa gbẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀. Ta ló tún ń fi igi dáná ládùúgbò wa? Ìyá kan tó ń yan ẹja létí omi ní Ọ̀jọ́ ló gbà kí n gbé pákó kọ́ sókè ààrò wọn.

“Tó bá jábọ́ lé ẹja mi, n ó fi dáná ni o!”

Oṣù mẹ́ta ló lò níbẹ̀. Mo máa ń lọ jókòó, n ó máa wo èéfín lórí omi, n ó sì rí àwa ọjọ́sí nínú rẹ̀, nínú aṣọ funfun, tí a ń sáré lọ sáré bọ̀ láìdún.

Nígbà tí pákó náà gbẹ, mo fi gbẹ́ báàtì, mo sì gbé e lọ bá kóòṣì nínú Ẹ̀sítéètì Ìbà. Ojú wọn ti fọ́, etí ló kù. Mo ti pinnu pé tí wọ́n bá ní kì í ṣe báàtì, n ó ti ṣọ́ọ̀bù pa. Ẹ̀rù wá bà mí, mo parọ́.

“Ìlú Òyìnbó ni wọ́n ti fi ránṣẹ́, sà.”

Wọ́n fọwọ́ pa á lára. Wọ́n gbé e sí imú.

“Ṣé àwọn Òyìnbó náà ti ń yan ẹja ni?”

Ìtìjú bò mí. “Ẹ má bínú, sà. Èmi ni mo ṣe é.”

Wọ́n dìde, wọ́n to ẹsẹ̀ wọn bó ṣe yẹ. “Ju bọ́ọ̀lù.”

Mo rọra jù ú sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó ta lẹ́ẹ̀kan, wọ́n tẹ́tí, wọ́n sì gbá a. Ohùn náà dún.

Wọ́n tún fọwọ́ pa báàtì náà lára. “Èmi náà ṣe báàtì rí nígbà èwe mi. Ó là mọ́ mi lọ́wọ́, mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni.”

“Ó yẹ kí ẹ sọ fún mi, sà.” Inú bí mi, omi sì ń bọ́ lójú mi.

Wọ́n wá àga wọn kàn, wọ́n jókòó, wọ́n gbé báàtì náà lé itan.

“Jókòó,” ni wọ́n wí. “Kọ́ mi. Báwo lo ṣe ṣe é tí kò fi là?”