Ẹṣin Igi Tí Bàbá Àgbà Ṣe Láìkan Ìṣó

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí èmi àti ìyá mi ń gbé lọ́dọ̀ àwọn òbí rẹ̀ ní Ẹ̀pẹ́, ìgbà kan wà tí gbogbo àdúgbò dákẹ́ lójijì. Ẹ̀yin ọmọ mi, ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn kì í ṣe ti àlàáfíà. Ayé òyìnbó la ṣì wà, a kò tíì gba òmìnira. Ẹnikẹ́ni kì í gún odó lọ́sàn-án, a kì í pariwo pe ara wa láti ojúlé dé ojúlé, àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà kò sì gbọdọ̀ kan ìṣó. Ṣànpọ̀nná ló wọ agbègbè wa, ṣùgbọ́n bí ẹ bá pè é bẹ́ẹ̀ létí ìyá àgbà mi, yóò fi ọwọ́ bò yín lẹ́nu. "Ilẹ̀ gbóná" ni wọ́n ń wí. Mùsùlùmí ni wá nílé wa, a kì í pa ìrun jẹ, síbẹ̀ kò sẹ́ni tó fẹ́ fi ariwo pe ohun tó ń kọjá lọ lójú ọ̀nà.

Ohun tó jẹ́ kí ẹ̀rù tèmi ju ti àwọn ọmọ yòókù lọ ni pé ìyá mi kò sí nílé. Bàbá mi ti kú kí n tó mọ ojú rẹ̀, ìyá mi nìkan ni mo mọ̀. Ẹja yíyan ló ń tà. Ó ti wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí ọjà Ejìnrìn, bó ṣe máa ń lọ, kí ìròyìn tó dé pé àìsàn náà ti mú àwọn èèyàn ní abúlé kan lápá ibẹ̀. Àwọn àgbà ìlú wá ní ọkọ̀ kankan láti apá ọ̀hún kò gbọdọ̀ gúnlẹ̀ sọ́dọ̀ wa. Wọ́n ta màrìwò sétí ọ̀sà. Bí ìyá mi kò ṣe lè wọlé mọ́ nìyẹn.

Ojoojúmọ́ ni mo ń yọ́ lọ sétí omi lọ wo ọ̀nà. Wọ́n á wá mi títí, wọ́n á fà mí padà. Ìyá àgbà mi nà mí lẹ́ẹ̀kan, àmọ́ bó ṣe nà mí tán ló bú sẹ́kún. Ẹkún yẹn dẹ́rù bà mí ju pàṣán lọ. Mo rò pé ó mọ ohun tí n kò mọ̀.

Ọkọ̀ ojú omi ni bàbá àgbà mi ń kàn. Láti ìgbà tí wọ́n ti ní a kò gbọdọ̀ gbọ́ ìró òòlù, ṣe ló ń jókòó lásán, tó gbé ọwọ́ lé itan. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó pè mí sí ẹ̀yìnkùlé.

"Ìyá mi," bó ṣe máa ń pè mí nìyẹn, "jókòó tì mí. Mo fẹ́ ṣe ẹṣin kan tí wàá máa gùn, tí kò ní gbé ọ kúrò nílé."

Ó ti rí irú rẹ̀ ní Èkó, nílé òyìnbó kan tó lọ bá tún ilẹ̀kùn ṣe. Ó ní kì í rìn, ó kàn ń mì síwá sẹ́yìn bí ọkọ̀ lórí omi ni.

Pákó ọkọ̀ kan tí kò tíì parí ló fi ṣe ara ẹṣin náà. Igi títẹ̀ méjì tó yẹ kó jẹ́ ìhà ọkọ̀ ló fi ṣe ìsàlẹ̀ rẹ̀, ibi tí yóò ti máa mì. Ó fi epo pa ojú ayùn kó má baà ké, ó sì rọra ń fà á, á dúró, á tẹ́tí, á tún fà á. Nígbà tó yẹ kó kan ìṣó, ó ti irin bọ iná ìdáná, ó fi jó ihò sára igi, ó wá fi gbogbo ìwúwo ara rẹ̀ ti èèkàn kéékèèké bọ inú ihò náà. Ó rẹ okùn sómi, ó fi di àwọn oríkèé rẹ̀. Ó ní bí okùn bá gbẹ, á fún mọ́ ọn. Èmi ni mo fi ewé eèpín ha á títí ó fi dán. Àwọ̀n àtijọ́ la fi ṣe irun ọrùn rẹ̀.

Ó fẹ́ fi osùn kùn ún, ṣùgbọ́n ìyá àgbà gba igbá osùn náà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi pupa kàn án lásìkò yìí," ó ní. "Ṣé ẹ fẹ́ kí ilẹ̀ gbóná yìí rí ọ̀nà ilé wa ni?"

Bàbá àgbà kò jiyàn. Bí ẹṣin náà ṣe wà láìkùn nìyẹn.

Ọjọ́ tó ń so okùn tó kẹ́yìn ni baba apẹja kan wọlé tọ̀ wá. Àìsàn náà ti ṣe é rí nígbà ọ̀dọ́, ó sì ti dá ihò sí i lójú. Ẹni tó bá ti ṣe rí, kì í tún ṣe é mọ́, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi jẹ́ kí òun nìkan máa lọ máa bọ̀. Ó bẹ̀rẹ̀, ó sọ̀rọ̀ sétí bàbá àgbà. Mo rí i tí ọwọ́ bàbá àgbà dúró lórí okùn. Nígbà tí ọkùnrin náà lọ, kò so ó mọ́, kò sì tú u.

"Ṣé ìyá mi ti kú ni?" mo bi í.

Ìyá àgbà ní kí n panu mọ́. Bàbá àgbà fà mí mọ́ra.

"Kò kú. Àìsàn náà ti mú un, òótọ́ ni. Obìnrin àgbà kan ń tọ́jú rẹ̀ nínú abà lóko. N kò ní parọ́ fún ọ, ìyá mi, n kò mọ̀ bóyá á padà wá."

Ó wá so okùn náà tán, ó tẹ́ àkísà sábẹ́ ẹṣin kó má baà dún nílẹ̀, ó gbé mi gùn ún. Orí rẹ̀ ni mo wà láràárọ̀, láti ìgbà tí oòrùn bá yọ. Mo gbà lọ́kàn mi pé bí ẹṣin náà bá dẹ́kun mímì, ìyá mi á kú. Bí wọ́n bá pè mí wá jẹun, mo ń yára gbé òkèlè mì kí n lè padà. Itan mi bó. Kò sẹ́ni tí mo lè sọ fún.

Oṣù kan kọjá, ó lé díẹ̀. Òjò ti bẹ̀rẹ̀, wọ́n ti ká màrìwò kúrò, mo wà lórí ẹṣin nígbà tí obìnrin kan dúró lẹ́nu ọ̀nà tó fi ìborùn bo orí. Ó ṣí i. Ojú rẹ̀ kún fún ihò, ó dúdú níhìn-ín, ó funfun lọ́hùn-ún. Mo di ọrùn ẹṣin mú. N kò lè ké, n kò sì lè sá.

Kò sún mọ́ mi. Ó jókòó sílẹ̀ níbi tó wà.

"Ta ló ṣe é fún ọ?" Ohùn ìyá mi ni.

"Bàbá àgbà."

"Ṣé ó ń sáré?"

"Kì í sáré. Ó ń mì ni."

"Mì í kí n wò ó."

Mo mì í. Bó bá gbé mi lọ síwájú, ojú yẹn á sún mọ́ mi, bó bá gbé mi padà, á jìnnà. Mo ń wò ó bẹ́ẹ̀ títí ó fi rẹ̀ mí. Ó wá béèrè bóyá kí òun bá mi mì í. Mo mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Ó sún mọ́ mi, ó na ọwọ́, mo sì rí àpá iná tí ààrò ẹja dá sí i ní ọrùn ọwọ́. Mo mọ ọwọ́ yẹn. Òun ni mo kọ́kọ́ dì mú.

Ó pẹ́ láyé lẹ́yìn ìyẹn, ó sì tajà títí ó fi darúgbó. Ìkòròdú ni mo ń gbé báyìí, ní apá Agric. Ẹṣin oníke ni wọ́n rà fún ọmọ-ọmọ mi ní ṣọ́ọ̀bù, ó ń kọrin, iná sì ń tàn lójú rẹ̀. Wọ́n ti lé àìsàn yẹn kúrò láyé pátápátá. Orúkọ rẹ̀ ti di ohun tí à ń sọ ní gbangba, ẹ ò sì mọ ẹnì kankan tó ṣe rí. Bí ọmọ mi bá lọ sọ́jà, á pè mí lórí fóònù lójú ọ̀nà, á tún pè mí bó bá dé ibẹ̀. Mo ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé ojú wa rí ìgbà tó rọrùn báyìí. Àmọ́ bí òpópónà wa bá dákẹ́ lọ́sàn-án, tí n kò gbọ́ ìró ọkọ̀ tàbí ti ọmọdé, ara mi kì í lélẹ̀. Màá dìde, màá sì lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà títí àwọn ará ilé mi á fi dé.