Kò Sí Ìtọ́jú fún Ẹni tí Kò Tíì Ṣe Màtíríkì

Ọdún tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, fóònù alátẹ̀ ló ṣì wà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ wa, ara ògiri la sì ti máa ń ka ìròyìn. Mo wà ní ọdún kẹta ní yunifásítì kan lágbègbè Ìjẹ̀bú-Igbó, ní ọ̀nà tó lọ sí Mamu. Èmi ni alukoro ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́. N kò ní dárúkọ ilé-ẹ̀kọ́ náà. Ẹ̀yin ọmọ tó ń wọlé lónìí, tí ẹ ń bá ilẹ̀kùn ìrànlọ́wọ́ ní ṣíṣí, ni mo ń kọ èyí fún.

Nígbà náà, ọjọ́ tí jambáìtì bá kọ́kọ́ dé ni wọ́n ti máa ń fún un ní ìwé atọ́nà aláwòrán. Ìwé náà sọ pé olùdámọ̀ràn wà, kíníìkì wà, àgbà akẹ́kọ̀ọ́ tí yóò máa mú ọmọ tuntun káàkiri náà wà. Kò purọ́, wọ́n wà lóòótọ́. Ohun tí kò sọ ni pé ẹni tí kò bá tíì ṣe màtíríkì, ìyẹn ọjọ́ tí wọ́n ń búra fún àwọn ọmọ tuntun, kò tíì di akẹ́kọ̀ọ́, kò sì lẹ́tọ̀ọ́ sí ọ̀kankan nínú wọn. Màtíríkì kì í sì í wáyé títí ìdánwò àkọ́kọ́ yóò fi kù sí dẹ̀dẹ̀. Nígbà tí ọmọ kò mọ ọ̀nà, kò sẹ́ni tó mú un lọ́wọ́. Nígbà tó wá mọ ọ̀nà tán, wọ́n ní kó wá kí àwọn fi hàn án.

Orí Ràlíátù, ọmọ Abígi ní Ògùn Wọ́tásáìdì, ni ọ̀rọ̀ náà já lé. Ikọ́ fée ti ń bá a jà láti kékeré. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan nígbà ọyẹ́, eruku gbé e dìde, wọ́n sì gbé e lọ sí kíníìkì. Kò lè mí dáadáa. Nọ́ọ̀sì béèrè káàdì. Ohun tí Dúpẹ́, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń gbé yàrá, sọ fún mi nìyí:

"Mo ní jambáìtì ni wá. Nọ́ọ̀sì ní, 'Ẹ padà wá tí ẹ bá ti ṣe màtíríkì.' Mo ní, 'Mà, ṣé kó máa mú èémí rẹ̀ mọ́ra dìgbà yẹn ni?' Ló bá ní mo ń rí òun fín."

Ọ̀kadà ló gbé e lọ sí ilé ìwòsàn aládàáni kan nínú ìgboro Ìjẹ̀bú-Igbó. Dúpẹ́ jókòó sẹ́yìn rẹ̀, ó dì í mú kó má baà ṣubú. Ọlọ́run ló yọ ọ́; lálẹ́ ọjọ́ náà, wọ́n dá a padà sí ilé ìgbé.

Inú bí wa. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, a já ewé dání, a dúró síwájú kíníìkì. Ohun tí a ń béèrè kò le: kí lẹ́tà ìgbaniwọlé tó fún jambáìtì láti fi gba ìtọ́jú àti ìmọ̀ràn. Orin gbalẹ̀. Ṣùgbọ́n jambáìtì kan ṣoṣo kò sí láàárín wa. Wọ́n tò sí bákónì ilé ìgbé wọn, wọ́n ń wò wá bí ẹni ń wo bọ́ọ̀lù. Ọjọ́ tí àwọn aláṣẹ kí wọn káàbọ̀ ni wọ́n ti kìlọ̀ fún wọn pé ẹni tó bá ṣe ìwọ́de kó tó ṣe màtíríkì, ilé ló ń lọ.

Mo sáré gòkè lọ bá wọn. "Ẹ̀yin la ń jà fún o!"

Ọmọkùnrin kan, ará ìlú Awà, ló dá mi lóhùn. "Bọ̀dá, a rí yín, ẹ ṣeun. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ti ṣe màtíríkì."

Mo padà sọ̀kalẹ̀ lọ bá àwọn tó ń kọrin.

Nígbà tó yá, igbákejì akọ̀wé àgbà ilé-ẹ̀kọ́ jáde sí wa. Ó wò wá yíká, ó rẹ́rìn-ín.

"Ẹ̀yin Kọ́múrédì, ẹ kú iṣẹ́ o. Èwo nínú yín ni jambáìtì?"

Délé, ààrẹ ẹgbẹ́ wa, ní, "Àwa là ń gbẹnu sọ fún wọn, sà."

"Wọ́n bẹ̀ yín lọ́wẹ̀ ni? Ẹ fi ẹyọ kan hàn mí. Ẹni tí wọ́n lù kò sunkún, ẹlẹ́rìí ló ń ké."

Àwọn sìkiọ́rítì tó tẹ̀ lé e bú sẹ́rìn-ín. Orin wa rọlẹ̀. Ibẹ̀ ni Ràlíátù ti sọ̀kalẹ̀ wá. Ó fi híjáàbù funfun borí, kò yára rìn, Dúpẹ́ sì ń fà á lápá sẹ́yìn: "Rálíà, jọ̀ọ́, bàbá ẹ á pa mí!"

Ó dé iwájú ọkùnrin náà, ó kúnlẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀, sà. Èmi ni jambáìtì."

"Ta ló rán ẹ wá?"

"Èémí ni, sà."

Ọkùnrin náà béèrè orúkọ rẹ̀, ó sọ ọ́. Ó ní kó ro ẹjọ́ rẹ̀, ó rò ó, kò bù mọ́ ọn. Kó tó parí, àwọn jambáìtì ti ń sọ̀kalẹ̀ láti bákónì lọ́kọ̀ọ̀kan.

A borí. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, wọ́n ti lẹ ìkéde mọ́ ẹnu ọ̀nà kíníìkì pé lẹ́tà ìgbaniwọlé ti tó. Wọ́n ṣí yàrá olùdámọ̀ràn náà fún àwọn ọmọ tuntun. A gbé Délé sọ́rùn, a jó yí ọgbà ká.

Ijó náà kò tíì tán lára wa tí ìgbìmọ̀ ìbáwí fi ránṣẹ́ pe Ràlíátù. Nínú gbogbo jambáìtì tó sọ̀kalẹ̀, òun nìkan ni wọ́n mọ orúkọ rẹ̀, nítorí òun nìkan ni wọ́n bi, òun nìkan ló sì dáhùn. Délé tẹ̀ lé e lọ. Wọ́n dá a dúró lẹ́nu ọ̀nà. "Ọ̀rọ̀ yìí kò kan ẹgbẹ́ yín. Ọmọ yìí kò tíì ṣe màtíríkì, kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́." Ràlíátù nìkan ló wọlé. Ìgbà tó jáde, ó ní wọ́n ní kí òun máa lọ sílé.

Wọ́n ní ẹni tó jìn sí kòtò, ó kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Ṣùgbọ́n Ràlíátù kò jìn sí kòtò. Wọ́n tì í sí i ni, kí àwọn yòókù lè kọ́gbọ́n. A kọ̀wé títí. Àwọn olóyè tó gba ipò lọ́wọ́ wa náà kọ̀wé. Kò sẹ́ni tó fèsì.

Mo padà débẹ̀ láìpẹ́ yìí lẹ́nu iṣẹ́ ìròyìn. Wọ́n ń tọ́jú jambáìtì, kò sẹ́ni tó ń béèrè káàdì. Mo bi ọmọbìnrin kan tó ń ti ibẹ̀ bọ̀ bóyá ó mọ bí ètò náà ṣe bẹ̀rẹ̀. Ó ní, "Àwọn aláṣẹ ló ṣe é fún wa, sà. Wọ́n fẹ́ràn wa." Ohun tí a jà fún wà níbẹ̀, kò kéré, ẹ̀mí ló ń gbà là. Ẹni tó gbà á fún wọn ni kò sí níbẹ̀.

Abígi ló wà. Ó ń ránṣọ, ó ti bímọ. Ó sọ fún mi pé, "Bọ̀dá, n kò fẹ́ padà síbẹ̀ mọ́. Kí wọ́n ṣáà kọ ọ́ sílẹ̀ pé n kò hùwà burúkú. Bàbá mi ń rò pé mo fi nǹkan pa mọ́ fún òun."

"O kò sọ bó ṣe jẹ́ fún wọn ni?"

"Mo sọ ọ́ títí ó fi sú mi. Bàbá mi ní, 'Rálíà, ta ni wọ́n máa lé torí pé ó ní wọn ò tọ́jú òun? Sọ ohun tó o ṣe gan-an.'"

Bàbá náà wà níta, ó ń tún àwọ̀n ẹja rẹ̀ ṣe. Mo jókòó tì í, mo rò ó fún un bí mo ti rò ó fún yín yìí, láti orí káàdì dé ẹnu ọ̀nà ìgbìmọ̀. Ìgbà tí mo parí, ó gbé àwọ̀n náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Oníròyìn ni ọ́, o mọ ọ̀rọ̀ sọ. Lọ gba lẹ́tà lọ́wọ́ wọn wá pé kò hùwà burúkú."