Ta Ló Bẹ̀rẹ̀ Fìlà Yìí?

Ìyá mi kì í fi irun sílẹ̀ lára òòyà. Bó bá ti yarí tán, á ṣa irun náà jọ, á ká a sọ́wọ́, á sì dáná sun ún. Bó ṣe tọ́ èmi náà nìyẹn. Ìfura loògùn àgbà, ó ń sọ ọ́ sí mi létí nígbà tí mi ò tíì pé ọmọ ọdún méje. A kì í wọ fìlà onífìlà. A kì í jẹ́ kí àlejò fọwọ́ pa wá lórí. Mo ti lé ní ogójì ọdún báyìí, síbẹ̀ bí ẹnìkan bá nawọ́ láti bá mi mú ìdọ̀tí kúrò lórí, ọrùn mi á ti yẹ̀ kí n tó mọ̀.

Nígbà tí àìsàn tí a kì í pè lórúkọ nílé wa gbé ìyá mi wá bá mi n'Ísọlọ̀, oògùn ilé ìwòsàn kó gbogbo irun orí ẹ̀ lọ. Síkáàfù ò dúró lórí tó ń dán. Bó ṣe ń wé e ló ń yọ̀ bọ́. Ìyá mi bá ti ilẹ̀kùn yàrá mọ́rí, ó ní òun ò jáde mọ́. Ọjọ́ tó yẹ ká padà lọ gba oògùn, mo bẹ̀ ẹ́ títí, kò lọ. Dókítà sún un sí ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí i, ó ní a ò gbọdọ̀ pa ìyẹn jẹ o. Ọkàn mi ò balẹ̀ mọ́ láti ọjọ́ náà.

Mo ra fìlà kan fún un l'Óṣòdì. Ọwọ́ ìgbálẹ̀ ló fi gbé e.

"Orí ta ló ti wọ̀ ọ́?"

"Màámi, tuntun ni."

"Tuntun l'Óṣòdì? Èyí tí ìwọ fúnra ẹ bá fọwọ́ hun nìkan ni mo máa dé."

Èmi tí mi ò lè rán bọ́tìnnì!

Obìnrin kan wà ní àdúgbò wa tó ń ta òwú, tó sì ń kọ́ àwọn ènìyàn ní kíróṣéè. Àǹtí olówùú la ń pè é. Ó fi ọdún díẹ̀ jù mí lọ, ó sì máa ń rẹ́rìn-ín ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹni tí inú ẹ̀ ń dùn báyẹn láàárọ̀ ọjọ́ Ajé n'Ísọlọ̀, kí ló jẹ? Ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu ẹ̀ ni pé kí n lọ wọn orí ẹni tó máa dé fìlà wá.

"Kí lẹ fẹ́ fi ìwọ̀n orí ìyá mi ṣe?"

Ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín. "Fìlà ni, àbúrò mi. Ó dáa, fi ìwọ̀n ẹ sọ́wọ́. Má fi hàn mí."

Mo ra òwú tèmi lọ́tọ̀, aláwọ̀ ewé. Ìgò ńlá kan wà lórí kántà ẹ̀ tó ń kó gígé òwú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sí. Ó ní òun fi ń kún inú ìrọ̀rí ni. Mo gbọ́. Mo sì ń ki gígé tèmi bọ inú kọ́mú gbé lọ sílé.

Àárín òkè ni fìlà ti ń bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe etí. A ó fi òwú ṣe òrùka yí ìka, a ó fi abẹ́rẹ́ tó ní ìkọ́ lẹ́nu hun ojú mẹ́fà sínú ẹ̀, a ó wá fà á kó pa dé. Ti àǹtí olówùú ń pa dé. Tèmi ń yà gbàgà. Lákòókò ìsinmi ní ilé iṣẹ́ wa, mo máa ń jókòó sáàárín àwọn páálí ọjà, màá ṣe òrùka, màá tú u. Ọjọ́ mẹ́wàá lọ bẹ́ẹ̀. Ó dá mi lójú pé nǹkan kan wà tí obìnrin náà ń fi pamọ́ fún mi.

Ní ọjọ́ Ẹtì, ó gba òwú náà lọ́wọ́ mi. "Mú un wá jàre, màmá ń dúró." Kí n tó la ẹnu, ó ti ṣe òrùka, ó ti hun ojú mẹ́fà, ó ti fà á, ó pa dé pẹ́.

"Kí lorúkọ màmá? Kí n bá wọn fi sádùúrà."

Orúkọ ìyá mi kẹ̀? Orúkọ tó kọ́kọ́ wá sí mi lẹ́nu ni mo sọ, ti tíṣà tó máa ń nà mí nítorí ìṣirò nígbà tí mo wà ní kíláàsì kẹrin. Àǹtí olówùú dijú, ẹnu ẹ̀ ń lọ wúyẹ́wúyẹ́. Mi ò gbọ́ ẹyọ kan.

Mo ń hun ún lọ nílé. Ìgbà àkọ́kọ́, ó ń ṣẹ́ po bí etí yẹ̀rì ọmọdé, mo tú u. Mo tún un hun, mo tún tú u, àmọ́ mi ò tú u dé òrùka. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ajé, fìlà parí. Ìgbà yẹn ló tó wá yé mi pé òrùka obìnrin yẹn ló máa jókòó sí àtàrí ìyá mi gan-an. Mo mú sísọ́ọ̀sì. Bí mo bá gé e, gbogbo fìlà á tú láti òkè, ilé ìwòsàn sì di ọ̀la. Mo gbé sísọ́ọ̀sì sílẹ̀, mo pinnu láti purọ́.

Ìyá mi yí fìlà náà síwá sẹ́yìn. Ìka ẹ̀ dúró láàárín.

"Ọwọ́ ẹ ni gbogbo èyí, ó rí wọ́gọwọ̀gọ. Àárín yìí ńkọ́? Ta ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀?"

Irọ́ fò lọ lẹ́nu mi. Mo jẹ́wọ́.

"Kí ló sọ sí i?"

"Àdúrà ni. Mi ò gbọ́ ọ."

"O sọ orúkọ mi fún un?"

"Rárá o!" Mo tiẹ̀ gbé àyà sókè. Mo sọ orúkọ tíṣà tí mo fún un.

Mo ń retí ìbínú. Ó bú sẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ikọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. "Tíṣà burúkú yẹn! Ó ti gba ìwòsàn mi lọ!" Ó ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ ẹ̀rín yẹn, omi sì bọ́ lójú mi.

Láàárọ̀, ó dé fìlà, ó bo etí kan ju èkejì lọ. A wọ kẹ̀kẹ́ Màrúwà. Nígbà tí a dé iwájú ṣọ́ọ̀bù, ìyá mi ní kí dírẹ́bà dúró. Àǹtí olówùú ń ṣí ilẹ̀kùn lọ́wọ́. Ìyá mi yọrí sí i.

"Ṣé ìwọ lo bẹ̀rẹ̀ èyí?"

"Ẹ káàárọ̀ mà. Èmi ni mà." Ó ti kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kẹ̀kẹ́.

Ìyá mi sọ orúkọ ẹ̀ fún un, ti ìsọmọlórúkọ, ti ilé bàbá ẹ̀, pẹ̀lú oríkì kan tí èmi ọmọ ẹ̀ ò gbọ́ rí. Mi ò ní kọ ọ́ síbí. Ẹ̀yin náà, mi ò mọ̀ yín. Lẹ́yìn náà ló fa ọwọ́ obìnrin náà, ó gbé e lé àárín fìlà.

"Ó yá, tún àdúrà náà gbà," ó ní. "Ti àkọ́kọ́ ti lọ sílé onílé."