Bí Mo Ṣe Tún Àbúrò Ọkọ Mi Sọ Lórúkọ Lórí Búlọ́ọ̀gì Mi

Ẹ bá mi fìdí mọ́lẹ̀ díẹ̀, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, kí n sọ ohun tí ojú mi rí nítorí ìwé tí mo fọwọ́ ara mi kọ. Ẹni tó bá ń retí pé màá sọ pé mo ti dárí jì í, kó tètè pa fóònù rẹ̀. Mi ò tíì dárí ji ẹnikẹ́ni!

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, èmi ni Ìyá Àbẹ̀kẹ́. Kétu ni mo ń gbé, ìlú Odomẹta ni wọ́n ti gbé mi níyàwó. Mo ka lisé, iléèwé girama wa, ó kù díẹ̀ kí n wọ yunifásítì ni oyún Àbẹ̀kẹ́ dé. Ọmọ yẹn, kì í sùn bọ̀rọ̀! Bí mo bá pọ̀n ọ́n tí mo ń yan gaàrí, àlọ́ ni mo fi ń tàn án. Nígbà tí àlọ́ àwọn àgbà tán lẹ́nu mi, mo bẹ̀rẹ̀ sí í hun tèmi: ti ìjàpá tó lọ gba káàdì ìdánimọ̀, ti àgbọ̀nrín tó gun ọ̀kadà lọ kí àna rẹ̀. Ọmọ á rẹ́rìn-ín títí, á sùn.

Mo kọ wọ́n sílẹ̀. Mo fi èrè gaàrí tẹ̀ wọ́n níwèé ní Àjàṣẹ́, mo pe ìwé náà ní Àlọ́ Ọmọ Tí Kò Fẹ́ Sùn.

Ìwé dé. Ta ló rà á? Ìyá mi, tí kò mọ̀wé kà! Páálí ìyókù wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, eku ń yọjú wò ó.

Ráfíátù, ọ̀rẹ́ mi tá a jọ ka lisé, tó ń ta aṣọ ní Àjàṣẹ́, ló gbà mí nímọ̀ràn pé kí n ṣí búlọ́ọ̀gì. Ó ní àwọn òǹkọ̀wé tó ń tẹ ìwé ara wọn, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń fojú han ayé. Èèyàn á ka àlọ́ kan lọ́fẹ̀ẹ́, á sì béèrè ìwé tó kù.

Àbúrò ọkọ mi ní òun lè ṣe é, pé iṣẹ́ kọ̀ǹpútà lòun kọ́ ní Kùtọ̀nú. Ẹ mọ̀ pé nílé tiwa, ìyàwó kì í pe ẹni tó bá bá nílé ọkọ lórúkọ, ì báà jẹ́ ọmọ ọwọ́. Ìyàwó fúnra rẹ̀ ló máa fún un lórúkọ tí yóò máa pè é. Ìgbà tí mo délé, ọmọ kọlẹ́ẹ̀jì ni, ara rẹ̀ ń dán bí epo, mo sì sọ ọ́ ní Adúmáadán. Orúkọ dídùn!

Ó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa. Mo gún iyán, mo pa adìyẹ. Ó bi mí pé àwọ̀ wo ni mo fẹ́, mo ní àwọ̀ ilẹ̀ pupa Kétu. Ó bi mí pé àlọ́ wo ni ká gbé síwájú, mo ní ti àgbọ̀nrín. Ó ní kí n mú fọ́tò wá, mo mú èyí tí mo pọn Àbẹ̀kẹ́ sí, tí orí ọmọ yọ lẹ́jìká mi. Ló bá bú sẹ́rìn-ín.

“Ìyàwó, ta ló máa ra ìwé lọ́wọ́ ẹni tó pọnmọ? Wọ́n á ní gaàrí lò ń tà!”

Mo ní, “Adúmáadán, ṣé kì í ṣe gaàrí náà ni mo ń tà ni?”

Ó ní kí n fi sílẹ̀ fún òun. Mo fi sílẹ̀. Kí ni kí n ṣe? Láti ọjọ́ tí mo ti wọlé, kò sẹ́ni tó tún pe orúkọ tí bàbá mi sọ mí. “Ìyàwó” ni, “Ìyá Àbẹ̀kẹ́” ni. Ẹ̀yìn ìwé gan-an, orúkọ ilé ọkọ mi nìkan ni mo tẹ̀ síbẹ̀, torí wọ́n tọ́ mi pé ìyàwó kì í fi tirẹ̀ ṣáájú ti ilé tó gbé e. Ihò tí olè gbà wọlé nìyẹn.

Ìsọfúnni ohùn tí Ráfíátù fi ránṣẹ́ sórí fóònù mi ló kọ́kọ́ ta mí lólobó. Ẹ̀rín ló ń rín, ó rò pé mo mọ̀. Ó ní ìgbà wo ni àbúrò ọkọ mi di òǹkọ̀wé?

Mo wá ibi tí kọnẹ́sọ̀n íńtánẹ́ẹ̀tì ti dáa, mo ṣí búlọ́ọ̀gì náà. Yéè! Ilẹ̀ pupa mi nìyí. Àgbọ̀nrín mi nìyí. Lókè pátápátá, fọ́tò Adúmáadán, ó wọ tai, ó fọwọ́ ti ẹ̀rẹ̀kẹ́ bí ọlọ́gbọ́n! Lábẹ́ rẹ̀ ó kọ ọ́ pé òun ni òǹkọ̀wé, pé ọmọbìnrin òun lòun hun àwọn àlọ́ náà fún. Ọmọbìnrin wo? Ẹni tí kò tíì gbéyàwó! Ẹni tó máa ń sá jáde bí Àbẹ̀kẹ́ bá ti yàgbẹ́!

Àwọn èèyàn sì ń kí i nísàlẹ̀ pé bàbá rere ni. Ilé ẹ̀kọ́ kan ní Adákpàmẹ̀ ti pè é pé kó wá ka àlọ́ fáwọn ọmọ wọn.

Ẹ̀yin ìyá, ṣé ẹ mọ bó ṣe ń ṣeni? Bí ìgbà téèyàn bímọ, tí ẹlòmíì gbé e jáde níjọ́ ìsọmọlórúkọ.

Mo bá a sọ̀rọ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀, lórí ìkúnlẹ̀. Mo ní kó yọ fọ́tò rẹ̀, kó fún mi ní kóòdù tí wọ́n fi ń ṣí i. Kò tilẹ̀ gbójú sókè.

“Ìyàwó, orúkọ ilé wa ló wà lẹ́yìn ìwé. Ṣé èmi kì í ṣe ọmọ ilé ni? Àbí ìwọ lo bí wa?”

Bàbá Àbẹ̀kẹ́ ńkọ́, ẹ̀yin náà ń bi mí. Ọkọ mi ní sùúrù ni, pé ọmọdé ló ń ṣe é. Sùúrù! Mo ní ó dáa. Mo dá a lóhùn jẹ́jẹ́, mo sì gbé ọmọ mi pọ̀n.

Mo tọ Ìyá Àgbà lọ, ìyàwó tó dàgbà jù nínú agbo ilé. Mo bi í pé bí ìyàwó bá ti fún èèyàn lórúkọ, ṣé ó lè yí i padà? Ó wò mí. Ó ní ẹnu ìyàwó ni orúkọ náà ti jáde, ta ló fẹ́ dí ẹnu ọ̀hún? Mo sọ orúkọ tuntun náà sí i létí. Ìyá yìí rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú!

Mo ní kí Ráfíátù máa fi ohùn kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń ṣe búlọ́ọ̀gì, kí n lè ṣí tèmi lọ́tọ̀. Ọ̀sán-ọ̀sán, lẹ́yìn ìdí gaàrí, èmi àti fóònù mi. Mo ṣe é, mo pa á rẹ́, mo tún un ṣe. Mo gbé fọ́tò tó ní kò dáa sókè gàdàgbà, èmi àti orí ọmọ mi. Mo kọ orúkọ tí bàbá mi sọ mí sábẹ́ rẹ̀, Ìyá Àbẹ̀kẹ́ sì tẹ̀ lé e. Mo ka àlọ́ sínú fóònù, mo dá orin rẹ̀, Àbẹ̀kẹ́ ń gbè é lẹ́yìn mi, ìwọ̀nyí tẹ́ ẹ máa ń gbọ́ níbí yìí.

Lẹ́yìn náà ni mo kọ ìtàn àkọ́kọ́. Mo sọ gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀, mi ò bú u, mi ò pè é lórúkọ. Mo kàn fi tó gbogbo ayé létí pé láti òní lọ, ọkọ mi kékeré tí mò ń pè ní Adúmáadán ti di Fọ́tò-Ò-Kọ̀wé.

Háà! Bí iná ọyẹ́ ni. Àwọn ìyàwó ilé gbà á, àwọn ọmọ gbà á lẹ́nu wọn, àwọn ọlọ́kadà gbà á. Nígbà tí òun fúnra rẹ̀ dé Adákpàmẹ̀ láti ka àlọ́, wọ́n ní àwọn ọmọ iléèwé dìde wọ́n kí i pa pọ̀: “Ẹ káàbọ̀, Bùọ̀dá Fọ́tò-Ò-Kọ̀wé!” Kò ka ìlà kan. Ó yí ọ̀kadà padà.

Ó fẹjọ́ mi sùn olórí ilé. Wọ́n pè wá. Bàbá bi í pé, ṣé mo pè é lórúkọ? Ó ní rárá. Ṣé òun ló kọ ìwé? Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tún tai rẹ̀ so.

Bàbá ní, “Ìyàwó kan sọ èmi náà ní Jẹun-Má-Fọwọ́. Òkú ni obìnrin yẹn báyìí, orúkọ náà ṣì ń bẹ lára mi. Lọ ṣe ohun tí ìyàwó bá wí.”

Mo wí i! Mo ní kó kó kóòdù wá, ó kó o wá. Mo ní kó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ sójú búlọ́ọ̀gì ọ̀hún pé èmi ni mo kọ ìwé, ó kọ ọ́, mo dúró tì í. Mo ní iléèwé Adákpàmẹ̀ ń retí òǹkọ̀wé, àti pé mo ti pọnmọ, mi ò lè ru páálí. Fọ́tò-Ò-Kọ̀wé ló ru páálí ìwé mi láti títì wọ ọgbà iléèwé, tòun ti tai. Àwọn ọmọ ń gbe orin àgbọ̀nrín. Páálí ṣófo ká tó kúrò níbẹ̀!

Mi ò ní parọ́ fún yín. Lọ́nà ilé, ó ra bisikí fún Àbẹ̀kẹ́, ó rọra ní, “Ìyàwó, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá Adúmáadán padà fún mi. Àwọn tí mo fẹ́ fẹ́ ọmọ wọn ti gbọ́.” Àánú rẹ̀ ṣe mí. Ó ṣe mí títí a fi dé ẹnu ọ̀nà ilé. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo kúnlẹ̀ kí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, “Fọ́tò-Ò-Kọ̀wé, ẹ káàárọ̀ o!” Ó dùn lẹ́nu mi ju oyin lọ.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń tẹ ìwé ara yín, ẹ gbọ́: ẹ kọ orúkọ yín gan-an sẹ́yìn ìwé, kí kóòdù búlọ́ọ̀gì wà lọ́wọ́ yín, kì í ṣe lọ́wọ́ ẹbí. Ilé ọkọ kò ní wó nítorí pé ìyàwó ní orúkọ.

Ẹ̀yin ńkọ́? Ta ló fi ojú tirẹ̀ bo iṣẹ́ yín rí? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí, kẹ́ ẹ sì sọ orúkọ tẹ́ ẹ fún un. Bí ẹ ò bá tíì fún un lọ́kan, ẹ sọ ìwà rẹ̀ fún mi, èmi á bá yín wá èyí tó máa lẹ̀ mọ́ ọn.