Ìṣẹ́jú Kan Tí Ìyá Mi Kò Lè Dákẹ́

Nígbà tí mo ṣì kéré ní Sharjah, ìlú tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Dubai, lẹ́yìn tí ọjà Dubai dẹnu kọlẹ̀ tí àwọn èèyàn wa sì ń kó ẹrù wọn lọ sílé ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ayọ̀ kan wọlé tọ̀ mí wá. Ẹ̀yin ọmọ mi, èmi ni wọ́n mú níléèwé pé kí n fa àsíá lọ́jọ́ ìrántí àwọn ológun tó kú! Èmi, ọmọ Yorùbá, láàárín gbogbo ọmọ yẹn!

Wọn á kọ́kọ́ sọ àsíá kalẹ̀ dé ìdajì òpó, gbogbo ènìyàn á dákẹ́ fún ìṣẹ́jú kan, kí wọ́n tó fà á gòkè pátápátá. Tíṣà wa ti kìlọ̀ pé bí ariwo bá ti ọ̀dọ̀ ẹbí ọmọ kan wá, wọn á gba okùn lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyá mi, tó máa ń ra aṣọ ní ọjà Naif ní Dubai ránṣẹ́ sí Èkó, pa ọjà tì wá wò mí níléèwé. Mo bẹ̀ ẹ́ títí: "Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ̀rọ̀ o."

"Ahn-ahn! Ṣé ọmọdé ni mí ni?"

Okùn wà lọ́wọ́ mi. A dákẹ́. Obìnrin kan tó wọ dúdú jókòó níwájú. Gbogbo wa ti gbọ́ pé àwọn ọ̀tá ló ká ọmọ rẹ̀ mọ́ ibùdó ogun láìròtẹ́lẹ̀, tí wọ́n pa á. Bí ojú òun àti ìyá mi ṣe ṣe mẹ́rin báyìí, ìyá mi kúnlẹ̀ gbì!

"Ẹ kú ará fẹ́ra kù o, màmá! Ọlọ́run ò ní fi irú ẹ̀ dán yín wò mọ́!"

Yéè! Mo fẹ́ kí ilẹ̀ lanu gbé mi mì. Tíṣà ti ń bọ̀ wá gba okùn. Àfi bí obìnrin náà, tí kò gbọ́ Yorùbá rárá, ṣe fa ìyá mi dìde, tó dì mọ́ ọn, tó bú sẹ́kún. "Shukran, habibti, shukran," ló ń fi èdè Lárúbáwá dúpẹ́. Ó juwọ́ sí tíṣà pé kó fi mí sílẹ̀. Ẹ wo bí mo ṣe fa àsíá yẹn! Ó ń fẹ́ lẹ́lẹ́ lókè, èmi ń fò nísàlẹ̀.

Nígbà tí a délé, ìyá mi ò tiẹ̀ bẹ̀bẹ̀. "Ta ló máa ń rí ọlọ́fọ̀ kó wá dákẹ́?" ló bi mí.

Ayé ti yí. Lónìí, bí ẹnì kan bá ṣaláìsí, ẹ ó tẹ àwòrán ojú tó ń sunkún ránṣẹ́ lórí fóònù, khalas, ó parí. Nígbà tí ìyá mi jáde láyé, irú ẹ̀ kún fóònù mi fọ́fọ́, mi ò gbọ́ ohùn ènìyàn kankan. Bí wọ́n bá ní ká dákẹ́ fún ìṣẹ́jú kan lọ́jọ́ ìrántí, mo máa ń bá wọn dákẹ́, àmọ́ ètè mi ò gbà, á máa sọ ọ́ jẹ́jẹ́: ẹ kú ará fẹ́ra kù o, màmá.