Odò Inú Bàbá Tápólì

Lọ́jọ́ kan lọ́dún 1996, gbogbo Ajégúnlẹ̀ ló gbọ́ pé odò kan ń ṣàn nínú ikùn Ọdẹ́yẹmí, pé ẹ̀yìn ló ń ṣàn sí, àti pé dókítà rí ẹja aro méjì níbẹ̀. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ẹja ti di mẹ́sàn-án. Ìyàwó káfíńtà kan tiẹ̀ búra pé òun gbọ́ bí wọ́n ṣe ń jà.

Ọdẹ́yẹmí, tí wọ́n ń pè ní Bàbá Tápólì torí pé tápólì tírélà ló ń rán ní Liverpool Road, ò mọ nǹkan kan nípa àhesọ náà. Ohun tó mọ̀ ni pé Efe fọkanáísà, tí wọ́n jọ ń ta dráàfù nírọ̀lẹ́, ò wá mọ́. Ìyàwó rẹ̀ ti kú, àwọn ọmọ wà ní Kàdúná. Ó wá ń dá dráàfù ta, ọwọ́ ọ̀tún ń bá tòsì ta, tòsì sì ń rẹ́ ẹ jẹ.

Fàúsátù oníbúrẹ́dì, tó gba yàrá nílé kan náà, ló tú àṣírí. "Ẹ má bínú, Bàbá. Wọ́n ní ẹni tó bá jókòó tì yín, omi á wọ ikùn tiẹ̀ náà. Èmi ni mo sọ ti odò. Ti ẹja kọ́ o!"

Lóòótọ́, Ọdẹ́yẹmí fúnra rẹ̀ ló sọ ohun tí dókítà rí fún Fàúsátù. Ṣáájú ìgbà yẹn, ní Àpápá, dókítà náà fi ọ̀rá tútù pa á níkùn, ó gbé ẹ̀rọ tó ń fi ìró wo inú lé e. Ẹ̀rọ ń ké wúù, wúù.

"Ẹ̀jẹ̀ tó yẹ kó wọnú ẹ̀dọ̀ yín ló ń padà sẹ́yìn yìí, Bàbá. Ẹ̀dọ̀ ti le, ẹ̀jẹ̀ ò ráyè wọlé, ó wá ń ti iṣan."

"Bíi tírélà tí wọ́n bá ti géètì èbúté Tin Can mọ́?"

"Gẹ́lẹ́. Ó ti ń gba ọ̀nà ẹ̀bùrú, ibẹ̀ sì lè bẹ́. Bẹ́ ẹ bá bi ẹ̀jẹ̀, kí ẹnì kan tètè gbé yín wá. Ta lẹ jọ ń gbé?"

Ọdẹ́yẹmí bojú wẹ̀yìn, bí ẹni pé èèyàn lè wà níbẹ̀.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ tí Fàúsátù sọ̀rọ̀, Ọdẹ́yẹmí gbé pátákó dráàfù lọ sí ṣọ́ọ̀bù Efe. Àwọn tó wà níbẹ̀ sún sẹ́yìn.

"Ẹ̀jẹ̀ ni, kì í ṣe odò," ló wí. "Ó ń padà sẹ́yìn lóòótọ́. Inú odò tí mo ń wẹ̀ ní kékeré ni kòkòrò tó ba ẹ̀dọ̀ mi jẹ́ ti wọ̀ mí lára, àmọ́ ìjókòó ò lè kó o ran ẹnikẹ́ni. Bí mo bá bi ẹ̀jẹ̀, ẹni tó máa gbé mi ni mo ń wá." Ó tẹ́ pátákó sílẹ̀, ó sún ọmọ kan síwájú. "Efe, ìwọ ló kàn."

Efe rọra jókòó sétí táyà, ó ń wo ikùn Ọdẹ́yẹmí.

"Bàbá, àbẹ́ẹ̀gì, ẹja ńkọ́?"

"Ẹja kankan ò sí níbẹ̀."