Aṣọ Tí Mo Wọ̀ Jẹun Lórí Òkun

Tí èèyàn bá gbọ́ pé mo ti jókòó jẹun nínú ọkọ̀ ojú omi tó ga ju ilé alájà mẹ́wàá lọ, ohun tí wọ́n kọ́kọ́ máa ń bi mí ni ohun tí mo jẹ. Oúnjẹ kọ́ ni mo fẹ́ sọ. Aṣọ ni mo fẹ́ sọ, nítorí aṣọ ni iṣẹ́ mi, aṣọ náà ló sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dá wa dúró lẹ́nu ọ̀nà.

Téélọ̀ ni mí. Ìwé kẹta ni mo kà dé kí wọ́n tó mú mi lọ kọ́ṣẹ́, mo sì ti wà nídìí maṣíìnì ní Muṣin láti ìgbà tí mo ti ń pọn àkọ́bí mi obìnrin sẹ́yìn. Yúnífọ́ọ̀mù ilé ìwé ni mo ń rán jù. Tí ìwọlé bá ti ń sún mọ́lé, mi ò kì í dìde. Nígbà tí ọmọ yẹn gbọ́njú, òun ló ń se oúnjẹ. Á bu tèmi, á gbé e sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Màá rán ẹsẹ̀ ṣòkòtò kan tán, màá jẹ òkèlè méjì, màá nu ọwọ́ dáadáa kí epo má bàa kan aṣọ oníaṣọ, màá tún padà sẹ́nu iṣẹ́. Bí a ṣe jẹun nìyẹn títí ó fi dàgbà.

Ọmọ náà ti di nọ́ọ̀sì ní Ìlú Ọba báyìí, òun náà sì ti bímọ. Lọ́dún tó kọjá ló pè mí lórí fóònù pé òun ti gba yàrá fún àwa méjèèjì nínú ọkọ̀ ojú omi kan tó ń gbé èèyàn kiri fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko, pé inú rẹ̀ ni wọ́n ń sùn, inú rẹ̀ ni wọ́n ń jẹun. Mo bi í pé kí la fẹ́ lọ ṣe lórí omi.

Ó ní, "Màámi, láti ìgbà tí ẹ ti bí mi, mi ò tíì rí i kí ẹ jókòó sídìí tábìlì kí ẹ bá mi jẹun tán láìdìde. Níbẹ̀ yẹn, kò sí maṣíìnì."

Mo ní màá bá a lọ.

Ìgbà tí mo ti gbà tán ló wá ṣàlàyé ọ̀rọ̀ aṣọ. Ó ní ọ̀sán kò le, èèyàn lè wọ ohun tó bá wù ú. Ṣùgbọ́n ìrọ̀lẹ́ méjì wà nínú ọ̀sẹ̀ náà tí wọ́n máa ń ṣe oúnjẹ ńlá nínú gbọ̀ngàn ìsàlẹ̀. Súùtù ni ọkùnrin ń wọ̀ lọ síbẹ̀, gáùn tó gùn délẹ̀ sì ni ti obìnrin. Ọkùnrin kan wà lẹ́nu ọ̀nà tó jẹ́ pé iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó máa wo aṣọ ara àwọn tó ń bọ̀. Ẹni tí aṣọ rẹ̀ kò bá bójú mu, á ní kó gòkè lọ síbi tí kálukú ti ń bu oúnjẹ fúnra rẹ̀. Ó ti ṣẹlẹ̀ sí òun alára rí. Òun àtàwọn ará ibi iṣẹ́ rẹ̀ jọ lọ, kò mọ̀, ó wọ ṣòkòtò jíìnsì. Ọkùnrin náà kò pariwo mọ́ ọn, ẹ̀rín ló fi dá a padà, lójú gbogbo èèyàn. Ó ní òun ṣì rántí àwọ̀ kápẹ́ẹ̀tì tí òun ń wò bí òun ṣe ń yíjú padà.

Nítorí náà, kò fẹ́ kí ohun kankan yẹ̀. Ó ra gáùn, ó fi rán ẹnì kan tó ń bọ̀ wálé, mo sì lọ gbà á ní Yábàá. Mo tẹ́ ẹ sórí tábìlì tí mo fi ń gé aṣọ. Mi ò ní purọ́, iṣẹ́ náà mọ́. Ojú rírán rẹ̀ tọ́, wọ́n fi aṣọ tẹ́ inú rẹ̀ dáadáa, apá rẹ̀ gùn, kò sì ṣí àyà sílẹ̀. Àmọ́ dúdú ni. Dúdú kirikiri.

Nígbà tí bàbá àwọn ọmọ mi kú, ọdún kan ni mo fi wọ dúdú. Lọ́jọ́ tí mo bọ́ ọ, mo kó gbogbo rẹ̀ jáde nílé, mi ò ṣẹ́ ẹyọ kan kù. Opó tó ti bọ́ ọ̀fọ̀ kì í padà lọ mú un wọ̀. Tó bá mú un wọ̀, bí ẹni tó ń ránṣẹ́ pe òmíràn ni. Mo sọ èyí fún ọmọ mi lórí fóònù. Ó ní níbẹ̀ dúdú kì í ṣe ọ̀fọ̀, pé òun ni àwọn ìyá àgbà wọn ń wọ̀ lọ jẹun tí wọ́n bá fẹ́ gbayì. Mo mọ̀ pé òótọ́ ló ń sọ. Ara mi ni kò gbà.

Mo ní kó fi fọ́tò àwọn obìnrin tó ń lọ síbẹ̀ ránṣẹ́ sí mi. Ó fi mẹ́fà ránṣẹ́. Mo wọ gíláàsì mi, mo wò wọ́n bí téélọ̀ ṣe ń wo aṣọ tí wọ́n fẹ́ kó rán irú rẹ̀. Aláwọ̀ ewé wà níbẹ̀, aláwọ̀ wáìnì wà níbẹ̀. Gbogbo wọn gùn délẹ̀. Aṣọ gidi ni, kì í ṣe aṣọ yẹpẹrẹ. Ó bá ẹni tó wọ̀ ọ́ mu, kò fún, kò sì wú. Mo gbé fóònù sílẹ̀. Mo ní ṣé ohun tí wọ́n ń béèrè náà nìyí? Tó bá jẹ́ òun ni, ó wà nínú àpótí mi.

Sányán ni. Lọ́sẹ̀ tí mo bọ́ dúdú ni mo rà á. Ìsẹ́yìn ni wọ́n ti hun ún, àwọ̀ rẹ̀ dà bí èèpo ẹ̀pà tí oòrùn ń tàn sí. Tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n máa ń hun ún, fífẹ̀ rẹ̀ kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Ọwọ́ ara mi ni mo fi rán an mọ́ra títí ó fi di ìró. Mo ra èyí tó tó èèyàn méjì, mi ò sì sọ ìdí rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni.

Nígbà tí mo sọ ọ́ fún ọmọ mi, kò jà. Ohun tó ń já a láyà kò kúrò lọ́kàn rẹ̀ ṣá. Mo ní ká ṣe é báyìí: màá gbé gáùn náà dání, ṣùgbọ́n sányán ni màá wọ̀. Tí wọ́n bá dá mi padà, màá gòkè lọ bu oúnjẹ mi, kí òun wọlé.

Ó ní, "Màámi, tí wọ́n bá dá yín padà, àwa méjèèjì ni wọ́n dá padà."

Ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ náà tó wọ̀ mí lára. Òun tí wọ́n ti dá padà nígbà kan, ṣé èmi ni màá tún jẹ́ kí wọ́n dá a padà lẹ́ẹ̀kejì?

Mo pinnu pé wọn ò ní rí àléébù kankan lára sányán náà. Mo lọ sí ọjà Tẹ̀júoṣó lọ ra ìkọ́ tí màá fi há ìró náà nínú, nítorí wọ́n ní ọkọ̀ máa ń mì. Obìnrin tó ń ta bọ́tìnnì níbẹ̀, tí a ti jọ ń ṣòwò láti ọjọ́ pípẹ́, béèrè ohun tí mo fẹ́ fi ṣe. Mo sọ fún un. Ó wò mí láti òkè délẹ̀, ó ní, "Ìyá, ẹ rọra o. Tí ìró yín bá tú lórí òkun, ẹja ni yóò jẹ́ ẹlẹ́rìí." Gbogbo ìsọ̀ ló rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, mo sì ra ìkọ́ mẹ́jọ dípò mẹ́rin.

Ibi tí mo ti wá ṣe àṣìṣe nìyí. Gbogbo àgbàlagbà ló mọ̀ pé a kì í kó aṣọ òkè pa mọ́ láìfi káńfọ̀ sí i, kí kòkòrò má bàa jẹ ẹ́. Mẹ́rin máa ń tó. Ṣùgbọ́n mo rò ó pé ọkọ̀ ojú omi là ń lọ wọ̀, láti kékeré la sì ti ń gbọ́ pé kò síbi tí eku pọ̀ sí tó inú ọkọ̀ ojú omi. Mo fi káńfọ̀ méjìlá sí i. Mo pa báàgì náà dé, mo gbé e wọ bàálù lọ bá ọmọ mi, mi ò sì ṣí i mọ́ títí a fi wà lórí òkun.

Ọjọ́ kẹta ni ìrọ̀lẹ́ àkọ́kọ́ bọ́ sí. Ní ọ̀sán, mo ṣí báàgì náà nínú yàrá wa, yàrá kékeré tí fèrèsé rẹ̀ kì í ṣí. Òórùn náà jáde bí ẹni tí wọ́n tì mọ́lé láti Muṣin. Omi bọ́ lójú wa. Ọmọ mi jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ó fi ọwọ́ bo imú. Ó ní ká kúkú mú gáùn dúdú yẹn. Mo fà á yọ. Inú báàgì kan náà ló wà, òun náà ń rùn bí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Kò sí eku kan ṣoṣo nínú ọkọ̀ náà o. Ó mọ́ ju ilé mi lọ.

Ọmọ mi kò bá mi wí. Ó kàn ń wo aago, ó ní gbogbo gbọ̀ngàn ni yóò gbọ́ òórùn wa ká tó jókòó. Ó ní ká jẹ́ ká gòkè lọ jẹun, pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ohùn rẹ̀ kò jọ ti ẹni tí kò sí nǹkan kan fún.

Mo ní kó fún mi ní wákàtí méjì.

Mo kó ìró, bùbá àti gèlè mi, mo gba inú lífìtì lọ sí òkè pátápátá. Tí aṣọ bá ń rùn ní Muṣin, ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ gba kọ̀rọ̀ là ń wá sá a sí. Níbẹ̀ yẹn, mi ò ní láti wá afẹ́fẹ́. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ já bàtà lẹ́sẹ̀ mi. Mo jókòó lórí àga, mo so bùbá àti gèlè mọ́ ọwọ́ àga, mo ká etí ìró kan mọ́ ọrùn ọwọ́ mi, mo tú ìyókù sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ó wúwo, ó ń ká lu ara rẹ̀. Àwọn èèyàn ń wò mí. Òyìnbó obìnrin kan dìde, àgbàlagbà bí èmi, ọ̀pá wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó jókòó sórí àga tó kọjú sí tèmi, ó di etí ìró náà kejì mú. A na aṣọ náà láàárín ara wa bí àwọn tó fẹ́ ká aṣọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀, atẹ́gùn òkun sì ń gba inú rẹ̀ kọjá. Tó bá yá, á tẹ imú sí i, á mi orí. Èmi náà á gbóòórùn rẹ̀, màá mi orí. Títí a fi jọ mi orí sókè sísàlẹ̀ pé òórùn náà ti lọ. Mo kúnlẹ̀ díẹ̀ kí i, ó rẹ́rìn-ín, ó mú ọ̀pá rẹ̀, ó lọ.

Wọn kì í jẹ́ kí èèyàn lo áyọ́ọ̀nù nínú yàrá. Mo ká aṣọ náà, mo tẹ́ ẹ sábẹ́ tìmùtìmù, mo jókòó lé e títí ọmọ mi fi wẹ̀ tán.

Mo wọ̀ ọ́. Mo rọra wé gèlè náà kéré, kó má bàa dí ojú ẹni tó bá wà lẹ́yìn mi. Ọmọ mi wọ gáùn aláwọ̀ búlúù rẹ̀. Nígbà tí a sọ̀ kalẹ̀, ó di ọwọ́ mi mú. Ọkùnrin náà wà lẹ́nu ọ̀nà lóòótọ́, ó ga, ó wọ ìbọ̀wọ́ funfun. Ojú aṣọ ni mo máa ń wò lára èèyàn, nítorí náà mo mọ ìgbà tí ẹnì kan bá ń wo tèmi. Ó wo gèlè, ó wo bùbá, ó wo ìró títí dé ilẹ̀. Ọmọ mi kò gbójú kúrò lójú rẹ̀. Ọkùnrin náà tẹrí ba, ó sọ ọ̀rọ̀ kan, ó sì na ìgbọ̀nwọ́ sí mi kí n dì í mú.

Mo bi ọmọ mi pé kí ló wí.

Ó ní, "Ó ní òun fẹ́ mú yín dé ìdí tábìlì yín fúnra òun." Ó ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú bó ṣe ń sọ ọ́.

Bí a ṣe ń kọjá lọ, mo rí òyìnbó obìnrin tó bá mi na ìró lókè. Gáùn dúdú ló wọ̀, ó sì yẹ ẹ́, kò sì sẹ́ni tó kú. Ó gbé ọwọ́ sókè kí mi, ó tọ́ka sí aṣọ mi fún àwọn tó jókòó tì í, ó ń ṣàlàyé nǹkan kan tó gùn. Mo mọ̀ pé ó ń sọ ipa tirẹ̀ nínú rẹ̀. Ó lẹ́tọ̀ọ́ sí i.

Mo jókòó. Wọ́n gbé àwo wá, wọ́n kó o lọ, wọ́n tún gbé òmíràn wá. Mo ń jẹun, ọmọ mi ń sọ̀rọ̀ fún mi nípa ilé ìwòsàn wọn, àwọn ohun tí kò sọ fún mi rí lórí fóònù. Ní àwo kẹta, ó wo abẹ́ tábìlì, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sinmi ẹsẹ̀ yín. Kò sí maṣíìnì níbẹ̀."

Mo wo ẹsẹ̀ mi. Ó ń tẹ ilẹ̀ lóòótọ́, ọ̀tún, òsì, ọ̀tún, òsì, bí ẹni ń rán yúnífọ́ọ̀mù. Mo dá a dúró. A jẹun tán, mi ò dìde.

Ìrọ̀lẹ́ kejì bọ́ sí ọjọ́ kẹfà. Mo ti múra tán, ó kù kí ọmọ mi múra. Ó ṣí ibi tó gbé gáùn búlúù rẹ̀ kọ́ sí, ó wò ó, ó tún tì í. Ó wá dúró níwájú mi bó ṣe máa ń dúró nígbà tó wà ní kékeré tó bá fẹ́ tọrọ nǹkan. Ó béèrè bóyá mo ní ìró mìíràn.

Mo na ọwọ́ sísàlẹ̀ báàgì, mo fa èkejì yọ, bùbá àti gèlè rẹ̀ wà nínú rẹ̀. Ojú ni mo fi wọ̀n ọ́n kí n tó rán an, ìgbà tó wálé kẹ́yìn. Ó wọ̀ ọ́. Kò fún, kò wú. Ó jókòó sílẹ̀ sáàárín orókún mi, mo sì wé gèlè fún un. Ó ṣì ní òórùn káńfọ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n kò fi ọwọ́ bo imú.

Nígbà tí a dé ìsàlẹ̀, kò di ọwọ́ mi mú. Ó ti lọ síwájú. Ó gba ẹnu ọ̀nà náà wọlé, orí rẹ̀ ga, ojú rẹ̀ sì wà lára tábìlì wa lọ́ọ̀ọ́kán. Ọkùnrin oníbọ̀wọ́ tẹrí ba fún un, ṣùgbọ́n mi ò rò pé ọmọ mi tiẹ̀ rí i.